Adétóun àti Bátìrì Ìṣẹ́jú Méje

Adétóun Ògúnwálé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó ń ṣáàjì bátìrì lẹ́bàá ọ̀nà Inísà ní Ìkìrun, ni àwọn oníkámẹ́rà ń wá kiri láti Sátidé tó kọjá, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1992. Ó sọ bátìrì kan tí kì í ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú méje lọ jí, ìròyìn rẹ̀ sì ti dé Òkúkù kí òun fúnra rẹ̀ tó délé.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Olúwọlé, ọmọ Inísà tó ń fi kámẹ́rà fídíò gba iṣẹ́ káàkiri, já wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gbé bátìrì kámẹ́rà náà lé orí tábìlì gbà.

"Àǹtí, ẹ ti pa mí! Ẹ ní ẹ ti ṣáàjì ẹ̀ kún. Bàbá ìyàwó ní Igbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí láti súre fún un ni, kámẹ́rà kú! Wọ́n ní ṣé oorun ló ń kùn ún."

"Kí lo wá fi dá wọn lóhùn?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o. Ní Sátidé, ìjọ Aládùúrà wa máa ṣí ilé ìjọsìn tuntun. A máa rìn láti inú ti àtijọ́ dé tuntun, ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Wáyà wo ló fẹ́ tẹ̀ lé mi dé gbogbo ibẹ̀? Bó bá tún kú, gbogbo oníkámẹ́rà Inísà àti Òkúkù ni mo máa sọ fún kí wọ́n máa kó bátìrì wọn lọ sí Òṣogbo."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Adétóun lára. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé: Bátìrì yín kò ní kú sọ́nà. Ìgbàgbọ́ táwọn èèyàn ní nínú gbólóhùn yẹn ló ń bọ́ ọ. Ó bi Olúwọlé bó ṣe ń lo bátìrì náà.

"Bí ẹyin ni mò ń tọ́jú ẹ̀. N kì í jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ rárá. Níbikíbi tí mo bá ti bá iná ọba, mo ti so ó mọ́ ọn nìyẹn: ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ilé wòlíì pàápàá. Ta ló mọ ìgbà tí iná máa lọ?"

Adétóun bú sẹ́rìn-ín. "Wọlé, ìwọ gan-an lo pa á! Ebi kì í pa á kó o tó tún fún un lóúnjẹ."

Ó ti mọ irú bátìrì yìí láti ọdún 1985, nígbà tó ń tọ́jú ilé ẹrù fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Òun náà ló wà nínú rédíò alágbèéká tí àwọn fọ́máànù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bátìrì mọ́tò ni kò yẹ kéèyàn lò gbẹ. Èyí, bí wọ́n bá ń lo ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà kí wọ́n tó tún ṣáàjì rẹ̀, díẹ̀ yẹn náà ni yóò máa fúnni.

Ó so gílóòbù iná ẹ̀yìn alùpùpù mọ́ ọn láti fa iná inú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Gílóòbù tàn.

"Ẹ ń da iná nù!" ni Olúwọlé ké.

"Jókòó jẹ́ẹ́."

Nígbà tí iná gílóòbù pọ́n bí epo, ó já wáyà kíá, nítorí bó bá kú pátápátá, inú bátìrì lè bàjẹ́. Ó jẹ́ kó tutù, ó wá ń ṣáàjì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù méjì títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gílóòbù tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tún ṣáàjì rẹ̀ di àárọ̀, ó tún so gílóòbù mọ́ ọn. Lọ́jọ́rú, méjìdínlọ́gbọ̀n! Lọ́jọ́bọ̀, mẹ́tàlélógójì! Adétóun jó yí tábìlì po. Ó tún ṣáàjì rẹ̀ kún, ó sì ká a sínú aṣọ. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tán, nítorí kámẹ́rà lè jẹ iná ju gílóòbù lọ. Ló bá pinnu láti gbé e lọ sí Inísà fúnra rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, iná ọba dé ní Inísà. Olúwọlé na ọwọ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un."

"Bó o bá fọwọ́ kàn án, mo máa gé e!" Inú báàgì rẹ̀ ló tọ́jú bátìrì sí títí agogo ìjọ fi dún.

Wọ́n gbéra, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Ìṣẹ́jú méje kọjá. Ogún kọjá. Adétóun ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúwọlé, ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago ọwọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé, Ìyá Ìjọ Mojísọ́lá dúró láti jó, gbogbo èrò sì dúró tì wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mààmá, ẹ máa jó lọ síwájú!" Adétóun pariwo.

"Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo ni ẹsẹ̀ mi ni?" Ijó tún le sí i.

Ogójì ìṣẹ́jú pé, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Mẹ́tàlélógójì. Márùndínláàádọ́ta. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínláàádọ́ta, wòlíì ṣílẹ̀kùn, iná pupa kékeré orí kámẹ́rà sì ń tàn rekete! Adétóun ké halelúyà kí ẹnikẹ́ni tó gbàdúrà. Ìgbà tí èrò ti jókòó tán ni kámẹ́rà tó kú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta.

"Àǹtí, mo tọrọ àforíjì," ni Olúwọlé wí. "Òkúkù gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí."

Wọ́n sì gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníkámẹ́rà yóò pàdé ní Òkúkù. Wọ́n ní kí Adétóun wá kọ́ àwọn, kó má sì gbàgbé gílóòbù.