Mo Lọ Wo Ilé Iṣẹ́ Tó Ń Tọrọ Ọmọ Mi

Wọn kò tíì kí àsùbá tán ní mọ́sálásí àdúgbò wa n'Ílọrin tí mo ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí mo gbé kúlà wàrà lé orí ẹsẹ̀. Kùrukùru bo ojú títì. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó iṣu bọ̀ ní ọjà Ìpàtà ń yọ jáde nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ohun tí ènìyàn ń rí lójú oorun.

Èkó ni mò ń lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ pé n kò ní gba ojú ọ̀nà yẹn mọ́. Láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ni ọkọ̀ wa ti dojú dé, ibẹ̀ ni ọkọ mi kú sí. Èmi yè é. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, mo sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ibi tí mo ti wá, títí àwọn ará ilé fi wá mi rí. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ lọ ra àgbàdo ní Òkè-Oyì lásán, n ó kọ́kọ́ wí fún gbogbo agbo ilé kí n tó jáde.

Rafíátù, ọmọbìnrin mi, ló mú mi gbéra. Dẹfẹ́lọ́pà ni: ó máa ń kọ àwọn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣiṣẹ́. Inú yàrá rẹ̀ n'Ílọrin ló ti ń ṣe é fún ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó, wọ́n sì ń san ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé àádọ́ta náírà fún un lóṣù. Wọ́n wá ní kó máa bọ̀ l'Ékòó, pé àwọn yóò sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Ó ní bí n kò bá fọwọ́ sí i, òun kò ní lọ.

Álífà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, gbọ́ iye náà.

"Owó ńlá ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá tọrọ ẹ̀gbọ́n Rafíátù láti fẹ́, ṣebí a rán ènìyàn lọ wo ilé wọn. Ilé iṣẹ́ yìí náà ń tọrọ ọmọ. Kí ẹnìkan lọ wádìí wọn."

Ìgbà tí mo gbọ́ "Èmi ni n ó lọ," ohùn ara mi ni.

Ní gáréèjì, mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún náírà, mo jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé tí a bá kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, kó jọ̀ọ́ wí fún mi.

"Àlíájà, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà."

"Bí ẹ ṣe ń ké sí Ọlọ́run lẹ́yìn mi yìí, ẹ ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Mo ń ka tẹ̀súbáà mi lọ, igi ń sáré kọjá nínú kùrukùru, oorun sì gbé mi. Mo rí ọkọ mi. Ó jókòó ti fèrèsé, ó ń bó ẹ̀pà jẹ. Nígbà tí mo lajú, Ọ̀yọ́ la wà.

"Ẹ ò wí fún mi," mo ní.

"Ẹ ń sùn. Ta ni yóò jí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun?"

L'Ékòó, ilé Tósìn ni mo dé sí, ní Yábàá. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, òun àti Rafíátù jọ ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu ìrẹsì fún mi. Yàrá kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n owó tó ń san lé e lọ́dún lè gba odidi ilé pẹ̀lú àgbàlá n'Ílọrin.

"Ẹ jẹ́ kí n má tàn yín, mà," ó ní. "Iye tí wọ́n fẹ́ máa fún Rafíátù ni èmi ń gbà. Ilé á mú tiẹ̀, ọkọ̀ á mú tiẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà á mú tiwọn. Ohun tó ń ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí Rafíátù ń gbà n'Ílọrin lọ."

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

"Ẹni tó jókòó tì mí níbi iṣẹ́ ń gba ìlọ́po mẹ́ta owó mi, òun ló sì ń kọ́ mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, a lọ síbi iṣẹ́. Bí a ṣe máa ń ṣe nílé ọkọ ìyàwó, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo kí i ní "sannu," bí àwọn Hausa ṣe ń kí ara wọn, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé àwọn ará inú ilé yìí máa ń jà?"

"Wọn kì í jà, Hajia. Wọn kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ṣé wọ́n ń san owó rẹ lásìkò?"

"Wọ́n ń san án."

Tósìn fa aṣọ mi. "Mà, ẹ jẹ́ ká wọlé, wọ́n ń wò wá láti òkè."

Inú ilé náà tutù, ó sì dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà wọn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lójú wọn. Mo rántí àwọn ọmọ kéwú Álífà pẹ̀lú wàláà tí wọ́n ń kọ kéwú sí, àfi pé kò sí ẹni tó ń pariwo níbí. Lójijì gbogbo wọn dìde, wọ́n dúró yíká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó ṣe lánàá àti ohun tó fẹ́ ṣe lónìí, wọ́n sì padà sí àyè wọn. Mo rò pé àdúrà ni.

Ọ̀gá wọn kò ju àkọ́bí mi lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba wàrà náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni n ó béèrè, ó ti fa ìwé kan yọ.

"Tí nǹkan bá ṣe ọmọ mi níbí," mo ní, "ta ni yóò tètè mọ̀?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìdúró tí ẹ rí yẹn, mà, àràárọ̀ la máa ń ṣe é. Ẹni tí a ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, a ó pè é. Tí kò bá gbé fóònù, a ó lọ kanlẹ̀kùn."

"Wọ́n kan tèmi," Tósìn wí jẹ́ẹ́. "Ibà ló dá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù kí ọ̀sán tó pọ́n."

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, n kò jẹ́ kí oorun gbé mi. Lẹ́yìn Ọ̀yọ́, mo rí ibi tí ọkọ̀ wa ti dojú dé. Oko gbágùúdá ni, ewúrẹ́ mélòó kan sì ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo ka àdúrà Fátíà fún ọkọ mi. Ọkọ̀ kò dúró.

Álífà àti Rafíátù ti jókòó sórí ẹní dè mí.

"Àwọn àna wa ńkọ́?" Álífà bi mí.

"Wọ́n ti jẹ wàrà wa." Mo kọjú sí ọmọ mi. "Owó yẹn kò tó bí a ṣe rò. Èkó á gba púpọ̀ nínú rẹ̀." Ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣùgbọ́n àwọn tó lè kọ́ ọ wà níbẹ̀. Tí o kò bá sì sí níbi ìdúró wọn láàárọ̀, wọ́n á mọ̀. Máa lọ. Kìkì pé kí o tó dá wọn lóhùn lójoojúmọ́, èmi ni kí o kọ́kọ́ dá lóhùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àsùbá, ó wá dúró síwájú mi ní àgbàlá. Ó sọ ohun tó ṣe lánàá, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe lónìí.

"Ó kan yín, Ummi. Kí lẹ ṣe lánàá?"

Mo rò ó díẹ̀. "Mo gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ kọjá, n kò sì dijú."

"Lónìí ńkọ́?"

"Lónìí, n ó bá ọ di ẹrù."