Ẹ̀wà Jákà Rísíkátù

Rísíkátù kì í ṣe ahun, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ tó ń lọ Òṣogbo láràárọ̀ ni, Ìlọ́bù sì ni ilé ọkọ rẹ̀. Bí ìtúnu àwẹ̀ bá dé, ìrẹsì àti adìyẹ rẹ̀ a kárí àdúgbò, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà onígbàgbọ́. Ojú ayé ló kúkú ń ṣe. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ni wọ́n ń di oúnjẹ jákà, ọrẹ dandan ìparí àwẹ̀, sí lọ fún aláìní. Kò sẹ́ni tó ń tú u wò láwùjọ.

Lọ́dún 1994, àfáà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n tó kírun yídì ni jákà ń jẹ́ jákà. Lẹ́yìn ìrun, sàráà lásán ni. Nírọ̀lẹ́ tí wọ́n rí oṣù, oríṣi ẹ̀wà méjì ló wà nílé Rísíkátù: ọ̀tun tó rà fún àlejò, àti ti àtijọ́ tí kòkòrò ti lu bí asẹ́. Ti àtijọ́ ló wọ̀n fún Ìyá Ọlábánjí, opó ará Ìfọ́n tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wọn, ẹni tí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìfọ́n àti Ìlọ́bù kò jẹ́ kí àwọn aládùúgbò sún mọ́. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ṣàdúrà títí Rísíkátù fi ń wá ọ̀nà àtilọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti yídì dé, àlejò kún pálọ̀, ni Ìyá Ọlábánjí gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná wọlé. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń pọ́n ọwọ́ lá. Ìrẹsì Rísíkátù wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bojú wò ó.

Rísíkátù sin ìyá náà dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ìyá ti rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, má bínú o. Ẹni tó ta ẹ̀wà yẹn fún ọ rẹ́ ọ jẹ. Má padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo ṣa èyí tó dáa sọ́tọ̀, òun ni mo fi se tiyín."

"Èyí tó kù ńkọ́, mà?"

"A ti jẹ ẹ́. Alihamudulilai."

Ojú ti Rísíkátù. Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. Ì bá tún sàn kí ìyá náà bú u! Ó fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n "Ẹ ṣé, mà" nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó sáré wọ kíṣìn, ó wọn ẹ̀wà ọ̀tun kún ike, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó ti kan ilẹ̀kùn kó tó rántí ọ̀rọ̀ àfáà. Wọ́n ti kírun tán.

Ìyá Ọlábánjí ṣílẹ̀kùn, ó rí ike, ó rẹ́rìn-ín.

"Òmíràn tún rèé? Ọlọ́run á gba jákà rẹ, ọmọ mi."

Rísíkátù la ẹnu, kò rí àmín ṣe.