Mo pe bàbá mi lórúkọ

Mo pe bàbá mi lórúkọ lójú gbogbo ayé lónìí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n lọ díje ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn àgbà. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́: ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò, wọn kì í rí ògiri tí orí wọn ń lọ bá. Èmi ni mo máa ń dúró létí omi òtẹ́ẹ̀lì níbí n'Ísẹ́yìn láti kìlọ̀ fún wọn.

Lónìí, eré wọn pọ̀ jù. Mo pariwo, "Bàbá! Ògiri!"

Àwọn bàbá mẹ́ta mìíràn tó wà nínú omi dúró. Tèmi ṣì ń bọ̀ gbirigbiri.

Ni mo bá ké, "Múfútàù!"

Wọ́n dúró. Ìka mẹ́rin péré ló kù kí orí wọn gbá ògiri.

"Ta ló pè mí bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo pe Bàbá, ẹ ò dúró."

"Ṣé èmi nìkan ni bàbá níbí? Mo rò pé ọmọ ẹlòmíì ni!"

A délé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ní, "Aago mẹ́fà lọ́la. Má pẹ́."

Wọn ò sọ ohun tí n ó máa pè wọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí n dáàbò bo orúkọ ni, àbí orí?