Èéfín Koivu ní Ilé Tahvo

Bí irọ́ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí adágún wa gbẹ, kí n máa fẹsẹ̀ rìn kọjá nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi kòró.

Òdìkejì adágún ni Tahvo Pennanen ń gbé, láàárín àwọn igi koivu tí èèpo wọn funfun bíi tákàdá. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo ṣe nílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí igi tí n kò mọ orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Betula ni wọ́n ń pe koivu. Láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní ará Gọ́ọ̀lù máa ń se èèpo rẹ̀ títí ọ̀dà dúdú yóò fi jáde, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọ̀dà ló sì bí orúkọ náà. Ẹni tó bá ti fi èèpo koivu dáná rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Èéfín rẹ̀ dúdú débi pé mo ti gbọ́ tí ẹyẹ ń wúkọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe ènìyàn wá sí sáúnà. Bí èéfín bá ti yọ lórí ilé ìwẹ̀ gbígbóná ẹnì kan lọ́jọ́ Sátidé, ìpè nìyẹn. Wàá gbé tówẹ̀lì kọ́ èjìká, wàá forí lé ọ̀nà. Àwa mẹ́fà la máa ń lọ sí ti Tahvo nígbà tí Saimi ìyàwó rẹ̀ wà láyé.

Saimi kú. Nígbà tí ewé ń rẹ̀, Tuulikki ọmọ wọn wá láti ìlú Kuopio. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti àáké, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí igi sinmi." Ó ra ààrò oníná mànàmáná sí sáúnà. Tahvo tẹ bọ́tìnnì, òkúta gbóná. Kò sí èéfín.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó rẹ ìdì ewé koivu méje sómi, èyí tí a fi ń na ara nínú ooru sáúnà, ìdì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó jókòó tì wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò dé. Nígbà tí yìnyín fi bo adágún, ìdì kan ṣoṣo ló ń rẹ.

Èmi náà ń wò láti ojú fèrèsé ilé mi, n kò rí èéfín. Mo ní ìbànújẹ́ ti pa iná ilé Tahvo. A kò bi í, nítorí a kì í tojú bọ ọ̀fọ̀ olọ́fọ̀. Òun náà kò bi wá. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, á wo bàtà mi, èmi náà á wo tirẹ̀.

"Yìnyín yìí nípọn o."

"Ó nípọn."

Ó parí.

Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọbẹ̀ ẹja Saimi nìkan la máa ń wá jẹ. Kí yìnyín tó yọ́ tán, ó ti fọwọ́ síwèé: ó ta ilé, ó gba yàrá nílé àwọn arúgbó. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, tí yìnyín ti kúrò lórí adágún, bó ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó kó àwọn èèpo koivu àtijọ́ jọ sí àgbàlá, ó sì dáná sun wọ́n. Èéfín dúdú gòkè.

Mo já tówẹ̀lì lórí okùn. Mo wa ọkọ̀ ojú omi débi pé ẹja ń yà lọ́nà fún mi. Àwọn márùn-ún yòókù tẹ̀ lé mi.

"Tahvo, o ti padà dáná sáúnà?"

"Pàǹtí ni mò ń sun. Ta ló pè yín?"

"Èéfín rẹ ni."

Ó gbójú sókè wo òrùlé sáúnà tí kò rú èéfín rárá.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń rẹ ewé, tí mò ń retí yín."

"A rò pé o ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni ni."

"Àgbà òmùgọ̀ ni ẹ́."

"Ìwọ lọ̀gá mi."

Ó wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì. Mo fi ewé na ẹ̀yìn rẹ̀, ó na tèmi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwé tó ti fọwọ́ sí.

Ọjọ́ Ajé ló lọ sílé àwọn arúgbó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn tó ra ilé náà ń wá.

Tuulikki ló gbé àpótí ẹrù bàbá rẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Tuulikki wà láyé, ó wà ní Kuopio. Bí ẹ bá rò pé mo purọ́, ẹ lọ bi í.