Abẹ́ Pátákó Rónkẹ́

Ojú mi báyìí ni Rónkẹ́ ṣe ṣubú. Ó sáré, ó ju pátákó rẹ̀ sórí omi òjò tó dúró lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó fò lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá. Gbàgà, ó fìdí lélẹ̀. Pátákó náà fúnra rẹ̀ kò rìn ju ìṣísẹ̀ méjì lọ tó fi dúró. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ sí i lára dúró níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí màá gbójú sí.

Iṣẹ́ pọ́líìṣì ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Bí káfíńtà bá kan àga tàbí tábìlì tán, èmi ni màá fi sáńpépà ha á, màá dí àwọn ihò ara rẹ̀, màá fín fáníìṣì sí i títí èèyàn á fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní àdúgbò Fájuyì kórìíra ìfiṣòfò. "Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì?" ló máa ń wí. "Ibi tí ojú bá dé ni kí fáníìṣì dé." Lọ́jọ́ tí mo ha abẹ́ àga kan dán, ó gba sáńpépà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ gbálẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníbàárà kankan ò sì dojú àga dé wò rí.

Ọjọ́ Ajé ni Rónkẹ́ gbé pátákó náà wá. Ìyá rẹ̀ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìyìn-Èkìtì, òun fúnra rẹ̀ ń gbé l'Ékòó, ó kàn wálé fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Pátákó náà pẹlẹbẹ, imú rẹ̀ tẹ̀ sókè díẹ̀. Ó ní etí òkun ni àwọn ti ń lò ó: níbi tí omi ti tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á sáré fò lé e, á sì gbé wọn lọ geere. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ wọn fẹ́ ṣa èèyàn mẹ́rin tó máa lọ díje ní Gánà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣà á kù.

"Bàbá, kò yára mọ́. Ẹ bá mi tún un ṣe kó lè máa sáré."

"Gbé e sílẹ̀," mo ní. Mi ò béèrè nǹkan kan. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè lórí pákó?

Mo fín fáníìṣì sójú pátákó yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń kọ mànà. Abẹ́ rẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni mo fi nù ún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti ìyá rẹ̀ wá gbé e, a jọ lọ sí pápá láti dán an wò, ibẹ̀ ló ti ṣubú.

Ó dìde, ó ń gbọn ẹrẹ̀ nù lára. "Bàbá, kí lẹ fi sójú ẹ̀?"

"Fáníìṣì gidi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin!"

"Abẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

"Abẹ́ kẹ̀? Kí lo fẹ́ fabẹ́ ṣe?"

Mo ti ń retí èébú, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní ẹ̀kọ́. Ó dojú pátákó dé. "Bàbá, òkè yìí, ẹsẹ̀ mi ló ni ín, ó yẹ kó rí háráhárá kí n lè dúró. Abẹ́ ló ń kan omi. Abẹ́ ló yẹ kó jọ̀lọ̀."

Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó sọ tán. "Rónkẹ́, uṣẹ́ tíṣà ń bẹ ńlẹ̀ o. A ti jọ sọ ọ́: bí wọn ò bá mú ọ lọ́tẹ̀ yìí, wàá padà wá sílé."

"Mo ti gbà, Màámi," Rónkẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Ojú tì mí gan-an. Èmi àgbà ọ̀jẹ̀! Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ padà s'Ékòó. Mo ní kó fi pátákó sílẹ̀ fún mi títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Mo kọ́kọ́ ha gbogbo dídán òkè kúrò. Mo wá dojú rẹ̀ dé. Iyanrìn òkun ti fa abẹ́ rẹ̀ yánnayànna, ibì kan tilẹ̀ wà tí èékánná mi lè wọ̀. Mo dí i. Nígbà tó gbẹ, mo mú sáńpépà olómi, èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á yípo yípo bí mo ṣe ń ha tábìlì. Rónkẹ́ tó jókòó tì mí kígbe.

"Ẹ má yí i, Bàbá! Láti imú lọ sí ìdí ni. Ipa tó bá yí po, á máa di omi mú."

Mo gbà, ọmọdé ń kọ́ mi níṣẹ́. Mo ń ha á gbọọrọ, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ wò.

Ní Ọjọ́rú, òjò ò dá. Mo fín fáníìṣì sábẹ́ rẹ̀, kò pẹ́ tó fi funfun bí ẹfun. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tutù jù, ohun tó máa ń ṣe nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìkánjú ni ò jẹ́ kí n rántí. Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo gbé pátákó lérí, mo sá lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì títì.

"Ẹ bá mi fi í síbi tí iná yín ń gbóná, ẹ jọ̀ọ́."

"Bàbá Pọ́líìṣì, ṣé orí yín pé? Kí búrẹ́dì mi máa rùn tínà fáníìṣì?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, àti ìṣubú náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí búrẹ́dì tó ń lọ Ọjà Ọba jáde tán ná."

Ìgbà tó jáde tán, ó yọ̀ǹda yàrá ẹ̀gbẹ́ ààrò fún mi. Aṣọ ni mo fi pa fáníìṣì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele kan lórí òmíràn. Ooru fà á gbẹ, kò funfun mọ́. Ó tún ń dán! Rónkẹ́ dé, ó ní kí n fi sáńpépà tó kúnná jù pa dídán náà, torí omi máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá dán jù. Haa, ó dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n mo pa á.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, pátákó náà gbé Rónkẹ́ láti ìdí òpó bọ́ọ̀lù dé ibi tí omi pápá parí sí, kò ṣubú. Ìyá rẹ̀ fi etí ìró rẹ̀ nu omi kúrò lára pátákó náà. Rónkẹ́ kọrí s'Ékòó.

Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò lè ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ àga kan ṣoṣo ni mo ń ha láti àárọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sí mi lọ́wọ́. Ọjọ́ ti ń rọ̀ kí fóònù tó dún. Ariwo òkun ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni ẹkún.

"Bàbá, wọ́n mú mi! Èmi ni ìkẹrin!"

Omi bọ́ lójú èmi náà. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Ṣé o ti fi omi tútù fọ iyọ̀ òkun kúrò lábẹ́ pátákó ẹ?"

"Rárá o, Bàbá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ …"

"Lọ fọ̀ ọ́ ná, kó o tó máa jó."