Àgọ́ Tí Oyin Rán Lọ sí Gashaka

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Oyin, aránṣọ Ikosi, tó ní òun máa lọ sùn nínú igbó Gashaka ní ọdún 2006. Gashaka kẹ̀! Taraba lọ́hùn-ún, igbó tó fẹ̀ ju gbogbo Èkó lọ, níbi tí èèyàn lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kó má rí ẹni tó máa kí i.

Magodo lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Oyin gbé aṣọ Aunty Vivian lọ sílé wọn, ló bá rí máàpù igbó Gashaka kan lórí tábìlì, àwọ̀ ewé ló kún un bámú. Ọ̀gá George, ọkọ Vivian, ń kó ẹgbẹ́ kan jọ láti lọ síbẹ̀. Oyin ò mọ ìgbà tó lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè bá yín lọ?"

George bú sẹ́rìn-ín. "Oyin, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lẹ́nì kan o! Ìwọ jókòó ti maṣíìnì ẹ jàre. Tá a bá dé, a máa fi fọ́tò hàn ẹ́."

Fọ́tò! Ọ̀rọ̀ yẹn ká a lára. Aṣọ tó ń rán ti dé London, ó ti dé Dubai. Òun tó rán an ò kọjá Ìbàdàn rí. "Ẹsẹ̀ mi yìí á tẹ igbó yẹn," ló ń wí títí tó fi délé.

Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ Mile 12 mọ̀ pé ọkọ̀ tó kó iṣu wá láti Òkè Ọya kì í sábà rí ẹrù kó padà. Oyin wá Bàbá Salaudeen lọ, dẹ́rẹ́bà ará Ìsẹ́yìn tó ti ń ná Taraba tipẹ́.

"Bàbá, àyè iwájú ọkọ̀ yín kàn ń ṣòfò. Ẹ gbé mi."

"Kí lo gbàgbé síbẹ̀?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mo fẹ́ lọ wò ó ni."

Bàbá ní, "Màá já ẹ sí Serti, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ igbó. Àmọ́ òjò òkè yẹn kì í wo oṣù kó tó rọ̀. Gbé àgọ́ ẹ wá ní Sátidé kí n dán an wò. Tó bá jò, mi ò gbé ẹ o."

Oyin ra ògbólógbòó tapólì ọkọ̀ tòmátì, ó rán an bí ẹni ń rán aṣọ ìyàwó: ojú rírán mẹ́ta-mẹ́ta, kó lè le. Iṣẹ́ télọ̀ gidi! Iṣẹ́ yẹn náà ló sì kó bá a. Ní Sátidé, ó jókòó sínú àgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, Bàbá gun òkè ọkọ̀, ó da korobá omi kan lé e. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gún di asẹ́.

"Aunty, balùwẹ̀ lẹ rán yìí o!" Shittu, ọmọ kan tó ń tún apẹ̀rẹ̀ tòmátì ṣe nítòsí, ló pariwo. "Ẹ mú ọṣẹ dání!"

Oyin jáde, omi ń ro lára ẹ̀. "Bàbá, ìgbà wo lẹ ń gbéra?"

"Aago mẹ́rin."

"Aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ẹ pọnmi míì sílẹ̀."

Àbẹ́là tó máa ń fi pa síìpù kó lè yọ̀ ló sọ sí i lọ́kàn. Ó ra páálí kan, ó fi pa gbogbo ojú rírán náà. Ó tẹ́ bébà lé e, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí àbẹ́là fi yọ́ wọnú gbogbo ihò. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ó ti padà sínú àgọ́, ó ń jẹ gúgúrú.

Bàbá da korobá mẹ́fà. Ohùn Oyin jáde látinú àgọ́: "Bàbá, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ẹ ṣì ń pọnmi?"

Bàbá ju korobá sílẹ̀. "Gbé àpò ẹ wọ ọkọ̀, jàre!"

Òru mẹ́rin ló sùn ní Gashaka. Òjò rọ̀ ní èkejì, ẹ̀kán kan ò kàn án. Nígbà tó dé, Magodo ló kọ́kọ́ lọ. Ẹgbẹ́ George ṣì ń ṣèpàdé. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi fọ́tò hàn wọ́n.

Ẹ ò gbà á gbọ́? Àgọ́ náà ló fi ṣe ìbòòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ikosi. Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ẹ gbé korobá omi dání.