Àkànmú Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà

Nínú ilé tí a gbé ní Dùgbẹ̀ nígbà náà, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè, ayálégbé pọ̀ níbẹ̀ bí ìyẹ̀fun inú àpò, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo ilé fẹ́ràn. Àkànmú ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀dà ló ń ṣe. Láràárọ̀ ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé tuntun sínú igbó, bó bá sì dé ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dà funfun á ti bo irùngbọ̀n àti ìpéǹpéjú rẹ̀, á wá dà bí ẹni tó dàgbà ju bàbá tó bí i lọ.

Ohun tó jẹ́ kí a fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣòro. Àkànmú kò mọ bí wọ́n ti ń sọ pé rárá. Bí o bá ní òjò yóò rọ̀, á ní yóò rọ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní kò ní í rọ̀, á ní òun náà ti wo ojú ọ̀run, òun ò rí òjò kankan. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó ń parí ìjà tọkọtaya kan nínú ilé wa. Ó ní ọkọ jàre, ó ní ìyàwó jàre, ó sì ní ewúrẹ́ tó jẹ gbàgúdá wọn tó fi dìjà, òun náà jàre. Ewúrẹ́ náà mi orí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, ewúrẹ́ yẹn ti kú, n kò lè pè é wá jẹ́rìí.

Ọdún 1959 ni ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ ṣẹlẹ̀, nígbà tí òyìnbó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n ní ká dìbò, ká fi mọ ẹni tí yóò ṣe olórí ìjọba gbogbo Nàìjíríà. Ní àdúgbò wa, ọ̀rọ̀ náà kò ju méjì lọ: ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pẹ, àti ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ jẹ́ àkùkọ. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, a kì í jẹun alẹ́ tán kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́pẹ á ní ta ló jẹ́ kí ọmọ tálákà ó wọ ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn alákùkọ á ní owó orí ta ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwé ọ̀hún. Ràfátù tó ń ta búrẹ́dì á ní òun ò mọ ọ̀pẹ, òun ò mọ àkùkọ, ẹni tó bá máa jẹ́ kí owó fúláwà wálẹ̀ díẹ̀ ni kó wá bá òun. Àkànmú á jókòó sáàárín, á máa mi orí fún gbogbo wọn.

Alàájì Mùkáílà ló ni ilé. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, àkùkọ ló sì ń ṣe. Ó gbà pé ẹni tó bá ń gbé lábẹ́ òrùlé òun kò gbọdọ̀ dìbò fún ohun tí òun kò fẹ́. Ó pe Àkànmú sí yàrá rẹ̀, ó ní àkùkọ ni o. Àkànmú ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Òpópónà kejì sí tiwa ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyì ń gbé, ará Oǹdó, akọ̀wé ìjọba, ọkùnrin tí kì í pariwo. Òun ni bàbá Fúnlọ́lá, ọmọbìnrin aránṣọ tí Àkànmú ń fẹ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìdána sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Kérésìmesì. Ọkùnrin yìí náà pè é jókòó, ó ní, “Ọmọ mi, ilé ọlọ́pẹ lo fẹ́ ti fẹ́yàwó o.” Àkànmú ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Fúnlọ́lá nìkan ló bi í pé èwo ni Àkànmú fúnra rẹ̀ fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó bá wu Fúnlọ́lá ni. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lòun sọ. Ọmọbìnrin náà kó aṣọ tó ń rán, ó wọlé.

Ọjọ́ ìbò pé. Ilé ìwé kan ní àdúgbò ni wọ́n ní ká ti dìbò. Bí mo bá ní ìlà náà gùn dé Mọ́kọ́lá, ẹ jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Bó bá kàn ọ́, wọn á fún ọ ní ìwé ìdìbò, wàá wọ ẹ̀yìn ẹní kan tí wọ́n fi ṣe ìbòjú, níbi tí àwọn àpótí wà, àwòrán ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lára tirẹ̀. Èyí tó bá wù ọ́ ni wàá sọ ìwé sí. Kò sẹ́ni tó ń rí ọ.

Àwọn ọlọgbọ́n ilé wa ti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á sọ ọ́ síbi tó wù wọ́n, wọ́n á jáde, wọ́n á ní tonílé làwọn ṣe. Àkànmú náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun ti na ọwọ́, òun wá èyí tó wu òun, òun ò rí i. Ohùn Alàájì ń sọ̀rọ̀ nínú orí rẹ̀, ohùn Bàbá Fúnlọ́lá ń sọ̀rọ̀. Ó dúró kí tirẹ̀ ó sọ̀rọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó ní ojú ti òun lẹ́yìn ẹní yẹn, níbi tí kò ti sí ẹnì kankan.

Àwọn tó wà níta ń ké sí i pé kó ṣe kíá. Bùbá ọrùn rẹ̀ kò lápò. Ló bá ká ìwé náà, ó tì í bọ abẹ́ fìlà, ó jáde.

Ta ló pàdé níta? Bàbá Fúnlọ́lá àti Alàájì, lábẹ́ igi máńgòrò, tí ọ̀kan kọjú síbí, tí èkejì kọjú sọ́hùn-ún. Àkànmú ní láti kí àna rẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń tọrọ ọmọ ṣí fìlà kó tó dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, fìlà ń bẹ lórí. Mo rí i tí ojú Bàbá Fúnlọ́lá yí padà. Ẹnìkan lórí ìlà ní ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àna nílùú tiwọn ni. Àkànmú ṣì wà nílẹ̀, ó fọwọ́ di fìlà mú bí ẹni tí ìjì ń jà lórí.

Alàájì ló dá sí i. “Àkànmú, ṣí fìlà fún bàbá ìyàwó ẹ, má bà mí lórúkọ jẹ́.”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ṣí i. Ìwé já bọ́ sórí bàtà Bàbá Fúnlọ́lá.

Ariwo ti ń lọ nígboro pé àwọn kan ń gbé ìwé ìdìbò jáde láti tà. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí, tàbí a rò pé a mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá kan ti ń bọ̀.

“Èló ni bàbá àna ẹ fẹ́ rà á?” Alàájì ló bi í.

“Ẹ̀yin lẹ ni ayálégbé yín, Alàájì,” ni Bàbá Fúnlọ́lá wí. “Ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ẹ bá a dá.”

Àkànmú kò tíì dìde. Inú erùpẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ ọ́. “N ò fẹ́ tà á, sà. Mo ti ṣèlérí fún yín, mo sì ti ṣèlérí fún Alàájì. Nígbà tí mo débẹ̀, n ò mọ èyí tí n máa ṣe.”

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Alàájì. Ẹ̀rín yẹn rin ìlà náà látòkè délẹ̀, títí tí àwọn tó wà ní Mọ́kọ́lá tí wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fi rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí. Bàbá Fúnlọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ bàtà rẹ̀ kúrò lábẹ́ ìwé náà jẹ́jẹ́. “Ẹ dìde, ọ̀gbẹ́ni,” ló wí. Ẹni tó ń pè ní ọmọ mi láti ọdún tó kọjá.

Ọlọ́pàá mú un padà wọlé, wọ́n ní kó lọ sọ ìwé rẹ̀ sínú àpótí. Kò pẹ́ kó tó jáde. Inú èwo ló sọ ọ́ sí? Bí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ tí mi ò lè gbé dúró ni.

Fúnlọ́lá ti kúrò lórí ìlà àwọn obìnrin. Ó dúró níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè.

“Èmi ńkọ́, Àkànmú? Ìwọ lo fẹ́ mi, àbí bàbá mi ló bi ọ́ tí o ní bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo rí ètè rẹ̀ tó ń múra àtisọ ohun tó máa ń sọ. Ó pa á dé. “N ò mọ̀,” ló wí.

Ọmọbìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe ẹ̀gàn. Ó padà sórí ìlà, ó dìbò tirẹ̀, ó gba ilé lọ. Ìdána kò wáyé mọ́.

Iṣu tí Àkànmú ti rà sílẹ̀ fún ìdána kún ìdajì yàrá rẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ká ojúlé kọ̀ọ̀kan, kò wo ojú ẹnì kankan. Àwa náà gbà á, ojú tì wá, a sì jẹ ẹ́. Iṣu tó dùn ni.

Ojúlé Alàájì ló kàn gbẹ̀yìn. Alàájì gbà á, ó wẹ̀yìn, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé o ò bínú sí mi ṣá?”

Àkànmú gbójú sókè, ó wò ó.

“Mo bínú, sà,” ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Alàájì ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ.